O ti kúrò nílé bàbá ẹ, kí ló dé tí ara ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìròyìn ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù Mápó lórí fóònù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyàwó á ní ọkọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì, ọkọ á ní ìyàwó òun ń tú fóònù òun wò lóru, adájọ́ á tú wọn ká, á sọ ọ̀dọ̀ ẹni táwọn ọmọ á máa gbé àti iye tí bàbá á máa san fún oúnjẹ, àwa tá à ń kà á á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á ní ìran wọn ni. Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ yìí gba àdúrà. Ẹnì kẹta á ní obìnrin òde òní ò nífaradà. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa béèrè pé irú ilé wo gan-an làwọn méjèèjì ti jáde wá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, tórí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé ilé tí wọ́n ti tọ́ èèyàn máa ń tẹ̀ lé e dàgbà, síbẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ lé e ò yé wọn. Àwọn kan gbà pé àwáwí ni, pé ọmọ aláìmoore ló ń dá òbí ẹ̀ lẹ́bi. Àwọn kan sì ti gbà á kọjá ààlà, gbogbo nǹkan tó bá ti ṣe wọ́n, bàbá wọn ló fà á, títí kan táyà tó jò ní Ìwó Road. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ìwà tó ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu lónìí, ọgbọ́n ni nígbà kan rí, ọmọdé ló dá a láti fi là á já nínú ilé tó bá ara ẹ̀, ọgbọ́n ọ̀hún sì gbà á là nígbà yẹn. Ilé yẹn ti tú ká báyìí, ọgbọ́n yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kúrò nílẹ̀ ná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣì. Ilé mélòó la mọ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba tí bàbá ń wa takisí, tí ìyá ń ta ẹ̀kọ, tí ọmọ mẹ́fà ń sùn lórí ẹní kan, tí gbogbo wọn sì jáde síta pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Kì í sì í ṣe pé gbogbo ilé olórogún ló ti bàjẹ́, tàbí pé ọmọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ bá ti kọra sílẹ̀ ti rugi oyin nìyẹn. Nígbà míì, ìkọ̀sílẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọmọ rí oorun sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ilé kan wà ní Bódìjà tí mọ́tò mẹ́ta wà níta, tí jẹnẹrétọ̀ kì í kú, tí ò sẹ́ni tó ń pariwo, àmọ́ tí ọmọ lè lo odidi ọ̀sẹ̀ láìsí àgbàlagbà kan tó bi í pé kí ló dé tójú ẹ̀ fi rí báyìí, àfi kí wọ́n bi í pé ipò kelòó ló gbà.

Ilé tí mo ń sọ ni ilé tí ọmọ ò ti lè mọ ohun tí ọ̀la máa gbé wá. Lónìí Dádì á ra súyà wọlé, á gbé ẹ sí itan, lọ́la ohun kan náà tó o ṣe tó fi rẹ́rìn-ín lánàá ló máa tìtorí ẹ̀ nà ẹ́ bí ejò àìjẹ. Ilé tí wọ́n ti ń gbé ẹrù àgbà lé ọmọ lórí, kí ìyá jí ọmọ ọdún mẹ́jọ dìde lóru kó máa sunkún sí i lára, kó máa ka gbogbo ohun tí bàbá ẹ̀ ti ṣe. Ilé tí tọkọtaya ti ń ṣe màlíìsì tó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n ń rán síra wọn, 'lọ sọ fún bàbá ẹ pé gáàsì ti tán', 'sọ fún ìyá ẹ pé mi ò lówó lọ́wọ́', táwọn méjèèjì sì jókòó sínú pálọ̀ kan náà. Ilé tí ọtí tàbí tẹ́tẹ́ ti ń jẹ owó iléèwé. Ilé tí wọ́n ti ń na ìyá lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò gbọ́, tílẹ̀ á sì mọ́ tí wọ́n á múra, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sì máa kí èèyàn pé ẹ kú ọ̀sẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Lójú tèmi, ìkẹyìn yìí ló burú jù, kì í sì í ṣe nítorí ìnà yẹn nìkan. Ọmọ fojú ara ẹ̀ rí nǹkan, gbogbo àgbà inú ilé sì hùwà bí ẹni pé kò rí nǹkan kan, tó bá wá gbìyànjú láti sọ ọ́, wọ́n á ní 'pa ẹnu ẹ mọ́, a kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé síta'. Ọmọ tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní gba ojú ara ẹ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá dàgbà, tí wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ìfẹ́, á máa bi ara ẹ̀ pé àbí èmi ni mò ń ronú jù ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn pé 'wọ́n na èmi náà, mo sì dáa'. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìwádìí tí àjọ tó ń ka èèyàn nílẹ̀ wa, National Population Commission, ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bíi mẹ́fà ni wọ́n ti hu oríṣi ìwà ipá kan sí kó tó pé ọmọ ọdún 18, ì báà jẹ́ lílù, ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ti ìbálòpọ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tí wọ́n nà ló bàjẹ́ ni, orílẹ̀-èdè yìí ì bá ti dákú tipẹ́ (àwọn kan á ní ó kúkú ti dákú). Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa na ọmọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tó tẹ̀ lé ìnà yẹn ló ń ya ilé kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ṣé ọmọ mọ ohun tó ṣe, ṣé ó ní ibi tí wọ́n fẹnu kò sí, ṣé ẹnì kan wá bá a lẹ́yìn ẹ̀ tó ní 'wá jẹun'. Àwọn àgbà tó ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí ká fi tòsì fà á mọ́ra, ọwọ́ méjì ni wọ́n dárúkọ. Nílé púpọ̀, ọ̀tún nìkan la jogún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń taṣọ ní Gbági ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ó ti lé lógójì. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá ẹ̀ ní Vespa, láti ìsàlẹ̀ òkè tó gba ọ̀dọ̀ wọn ni òun àtàwọn àbúrò ẹ̀ ti máa ń gbọ́ ọ. Bí bàbá bá pa ẹ́ńjìnnì kó tó dé ẹnu géètì, tó rọra tì í wọlé, àlàáfíà wà, wọ́n lè máa wo tẹlifíṣọ̀n wọn lọ. Bó bá gùn ún wọ inú ọgbà, tó sì jẹ́ kó máa kù níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa á, ẹnì kan á pa tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á gbé ìwé, òun tó jẹ́ àkọ́bí á gbé èyí tó kéré jù sẹ́yìn, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó má bàa sunkún. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọn ò jókòó ṣèpàdé lé e lórí rí. Ojú ló ń rí i, ara ń gbà á sílé.

Ọkọ tó fẹ́ báyìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò gbọ́wọ́ sókè sí i rí. Àmọ́ bí ọkùnrin yẹn bá ti ti ibi iṣẹ́ dé tó rẹ̀ ẹ́, tó wá ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì lọ́nà tó le díẹ̀, àyà obìnrin yìí á já, ọwọ́ ẹ̀ á tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó sẹ́yìn, kí ni mo ṣe, ta ni mo bá sọ̀rọ̀, ṣé ọbẹ̀ àná yẹn ni. Á wá máa tọrọ àforíjì lórí ohun tí ò sẹ́ni tó bá a jà sí. Ọkọ á ní 'kí ló tún dé?', ó gbọ́ 'tún' yẹn, ẹ̀rù á tún bà á sí i, á bú sẹ́kún, ọkọ náà á wá bínú tòótọ́. Láti ara kọ́kọ́rọ́.

Kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò pé, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn wàhálà. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, ara iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ewu. Bó bá ti rí ohun tó jọ ewu, kò ní dúró gbọ́ àlàyé, á ránṣẹ́ sí ara kíá, adrenaline, èròjà tó ń ta ara jí, á tú jáde, ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sínú ẹsẹ̀ àti apá, cortisol, èròjà míì bẹ́ẹ̀, á wá tẹ̀ lé e kí ara lè wà ní ìmúrasílẹ̀. Nǹkan tó dáa ni o, òun ló ń jẹ́ kéèyàn fò sẹ́yìn nígbà tí ọ̀kadà bá yọ lójijì, kó tó mọ̀ pé òun ti fò. Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ pé òun àti ewu jọ ń gbé ni, tí wọ́n jọ ń jẹun nídìí tábìlì kan náà, ara ẹ̀ kì í rọlẹ̀ tán. Ọpọlọ ọmọ sì ṣì ń dàgbà lọ́wọ́ nígbà yẹn, apá iwájú ibẹ̀ tó máa ń sọ fúnni pé 'fara balẹ̀, jẹ́ ká wò ó ná' kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ohun tí ọmọ bá ń lò lójoojúmọ́ ló ń lágbára sí i. Ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣọ́ ẹsẹ̀ àti ohùn àgbà, á mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, á sì máa ṣe é lọ lọ́jọ́ tí ò nílò ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹ ò lè bá a jiyàn pé ekòló ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbéra kójú ẹ̀ tó wò ó.

Ẹni tó jẹ́ káwọn dókítà fọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, nǹkan míì ló ń wá kiri. Vincent Felitti, dókítà ní San Diego ní Amẹ́ríkà, ló ń darí ibi ìtọ́jú kan fáwọn tó sanra jù láàárín àwọn ọdún 1980. Ìtọ́jú ọ̀hún ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ń fọn lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń fọn yẹn náà ni wọ́n ń sá lọ láàárín ọ̀nà, kò sì yé e. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n nípa ìgbà èwe wọn, ó wá ń gbọ́ ohun tí ò retí rárá, pé wọ́n ti fipá bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lò pọ̀ ní kékeré. Ara sísan yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan fáwọn kan nínú wọn, ààbò ni, kì í jẹ́ kójú ọkùnrin lọ sára wọn. Ohun tí dókítà ń pè ní àìsàn, òògùn ni wọ́n fi ń ṣe.

Felitti àti Robert Anda tó wà ní CDC wá pawọ́ pọ̀, láàárín 1995 sí 1997 wọ́n bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 17,000 léèrè ohun tójú wọn rí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18, wọ́n pe ìwádìí náà ní ACE (Adverse Childhood Experiences, ìyẹn ohun burúkú tójú èèyàn rí nígbà èwe), àbájáde àkọ́kọ́ sì jáde ní 1998. Nǹkan mẹ́wàá ló padà di ohun tí wọ́n ń béèrè: ṣé wọ́n ń lù ẹ́, ṣé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹ lára, ṣé wọ́n bá ẹ ṣe ìṣekúṣe, ṣé ebi ń pa ẹ́ tí ò sẹ́ni tó bójú tó ẹ, ṣé o nímọ̀lára pé ò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ nílé, ṣé wọ́n ń na ìyá ẹ, ṣé ẹnì kan nínú ilé ń mutí yó tàbí ó ń lo oògùn olóró, ṣé ẹnì kan ní àìsàn ọpọlọ tàbí ó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀, ṣé wọ́n gbé ẹnì kan lọ sẹ́wọ̀n, ṣé bàbá àti ìyá ẹ túra ká. Ẹni tó bá ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ò ní ìkankan, ewu pé á di ọ̀mùtí, á kó sínú oògùn olóró, á ní ìsoríkọ́ tàbí á gbìyànjú láti para ẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju ti ẹnì kejì lọ. Wọ́n tún rí i nínú àrùn ọkàn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ẹ̀dọ̀ àti jẹjẹrẹ. Kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n ti lọ ṣa àwọn èèyàn yìí o, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé, wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, wọ́n sì ní ìbánigbófò ìlera tí ọ̀pọ̀ wa níbí ò ní.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Ẹ ó rí ìdánwò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ṣe é, á rí mẹ́fà, á ní òun ti kú. Rárá. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni, kò lè sọ bí tìẹ ṣe máa rí, Anda fúnra ẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ́ síta ní 2020 pé nọ́ńbà yẹn ò ṣeé fi ṣe àyẹ̀wò fún ẹnì kan ṣoṣo. Ohun kejì ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ṣe oríṣi míì fún gbogbo ayé, tó béèrè nípa ogun, ìwà ipá ládùúgbò àti káwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹni máa fìyà jẹni. Síbẹ̀ náà, àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé àwa la mọ̀ ọ́n.

Bí àpẹẹrẹ, 'má jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó bàbá ẹ'. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ebi ń pa á, òórùn dòdò ń jáde láti yàrá kejì, ìyàwó ilé ń pè é tẹ̀rín-tẹ̀rín pé wá gba tìẹ, ó wá gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti yó. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹ̀ nídìí gidi tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ohun tọ́mọ kọ́ ni pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ẹ tó ń fún ẹ ní nǹkan, òun gan-an ni kó o sá fún. Ẹ wá wo ọmọ yẹn lọ́mọ ọdún 35, ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ yìn ín, kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin dáadáa ń fẹ́ ẹ, ó ń dán an wò títí tó fi rẹ onítọ̀hún, tó sì lọ, ló bá ní 'mo sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn náà ni'.

Àkọ́bí obìnrin ńkọ́, àwọn tá à ń pè ní ìyá kékeré nínú ilé? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sebẹ̀, òun ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá ìyá ẹ̀ ní Òkè-Àdó láti lọ tọrọ owó iléèwé, òun ló ń bọ́ sáàárín nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jà tórí ó mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ kẹ́ṣẹ̀ẹ́ bà á. Gbogbo èèyàn ń yìn ín pé ọmọ yìí gbọ́n ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Ìyìn yẹn ló fi ń jẹun. Ní báyìí òun ló ń san owó ilé àbúrò, òun ló ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Mọ́mì, nígbà tí fóònù bá dún láago mẹ́fà àárọ̀ á ti mọ̀ pé wọ́n nílò nǹkan. Kò lè sọ pé rárá. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, ọ̀fun á fún un, bí ẹni pé ẹnì kan máa kú tí òun bá kọ̀, torí pé lóòótọ́, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti fi owó ránṣẹ́ tán, á wá dojú ìbínú kọ ọmọ tirẹ̀ tó kàn da omi sílẹ̀.

Tọkùnrin máa ń gba ọ̀nà míì, a sì máa ń yìn ín náà. Wọ́n ní ọkùnrin kì í sunkún, ó gbọ́, ó ti gbogbo ẹ̀ pa. Ó ń sanwó iléèwé, ó kọ́ ilé sí Akóbọ̀, àmọ́ kò lè jókòó ti ọmọ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìgbé fóònù, tí ìyàwó bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, á mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, á lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹmu. Kì í ṣe pé ò nífẹ̀ẹ́ wọn. Ní ilé tó ti wá, tí ohùn bá ti ń yí padà, ẹni tó bá jáde nìkan ni kì í fara gbọgbẹ́.

Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni tẹni tó búra pé òun ò ní fẹ́ irú bàbá òun láéláé, tó wá lọ fẹ́ ẹ. Àwọn aládùúgbò á ní orí ẹ̀ ló fọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohun tó bá mọ́ èèyàn lára ló máa ń jọ ilé lójú ẹ̀. Bí ìfẹ́ bá ń wá bí omi tó tòrò, tí ò sí 'ṣé ó ṣì ń bínú ni', ẹni tó dàgbà sínú ìjì á ní nǹkan kan ò sí níbẹ̀, pé èèyàn yẹn ò dùn mọ́ òun. Ó wá rí ẹni tó ń gbóná tó ń tutù, àyà ẹ̀ ń lù, ó ní ìfẹ́ nìyí. Àyà lílù yẹn, Vespa ni.

Ṣé ègún ìran kọ́ wá ni? Mi ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà, tó o bá fẹ́ gbààwẹ̀, gbà á. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn. Bàbá àgbà fi pàṣán tọ́ bàbá, kò bá a sọ̀rọ̀ rí àfi tó bá fẹ́ bá a wí, bàbá ò rí ọ̀nà míì, ó fi ìyẹn náà tọ́ ọmọ, ọmọ búra pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ó bímọ, ọmọ sunkún lóru tó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnu ẹ̀ ya, ohùn bàbá ẹ̀ ló gbọ́ tó jáde. Ẹni náà lè lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ò bá sí ohun tuntun tó kọ́ láti ṣe nígbà tí inú bá ń bí i, inú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé ni á ti tún bá ìyàwó ẹ̀ jà.

Kí n má bàa kó ìrònú bá ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ti erékùṣù Kauai ní Hawaii. Emmy Werner àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé gbogbo ọmọ 698 tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1955 títí tí wọ́n fi di ẹni 40 ọdún. Nínú àwọn tó jẹ́ pé òṣì, ìjà, ọtí tàbí àìsàn ọpọlọ òbí ló yí wọn ká láti kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló dàgbà di èèyàn tó dúró dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ràn èèyàn, tó ń bójú tó ara ẹ̀. Ohun kan tó ń jáde léraléra nínú ìtàn wọn ni pé àgbàlagbà kan wà, ó kéré tán, tó rí tiwọn rò, bóyá ìyá àgbà, tíṣà, tàbí ẹnì kan níbi ìjọsìn. Ẹnì kan ṣoṣo o. Ẹ ronú sẹ́yìn sí agbo ilé tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá àgbà kan tẹ́ ẹ máa ń sá lọ bá nígbà tí ilé bá gbóná, tí ò ní bi yín ní ohunkóhun, tó kàn máa sún oúnjẹ síwájú yín. Ẹ̀yin náà lẹ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ alájọgbélé yín lónìí, ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí kankan.

Ẹni tó ti dàgbà ńkọ́, ṣé ó ti pẹ́ jù? Rárá. Ọpọlọ àgbàlagbà ṣì ń kọ́ nǹkan, ó kàn ń pẹ́ ni, kì í sì í tẹ́tí sí wáàsù. Ara ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ará Gbági yẹn, ohun tó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́ ni pé ó kọ́ láti mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti tutù. Tó bá ti tutù báyìí, kò ní sọ nǹkan kan, á lọ sí kíṣìnnì, á mumi, á mí jáde pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ títí àyà ẹ̀ á fi rọlẹ̀, á wá padà bi ọkọ ẹ̀ pé 'ṣé ó rẹ̀ yín ni àbí ẹ̀ ń bínú sí mi?' Obìnrin náà ti sọ ìtàn Vespa yẹn fún ọkọ ẹ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì gan-an, tórí láti ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ti mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe. Ti àkọ́bí, kó má gbìyànjú láti fo lọ sórí 'rárá' lọ́jọ́ kan, kò ní ṣeé ṣe. Kó kọ́kọ́ kọ́ láti sọ pé 'ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, màá pè yín lọ́la', kó wá rí i pé ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì kú.

Ẹni tó bá jẹ́ pé kì í sùn, tó ń ronú àtipa ara ẹ̀, tí ọtí ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kó wá dókítà, kó má jókòó máa kàwé lórí fóònù. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, wèrè ìta nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ báwọn èèyàn ṣe rò. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ti ṣe ohun tí gbogbo ayé wá ń wò nígbà náà: ní Arọ, Abẹ́òkúta, láti 1954, àárín ará abúlé àtàwọn ẹbí wọn ni ó ní káwọn aláìsàn máa gbé nígbà tí wọ́n bá ń gbàtọ́jú, torí ó mọ̀ pé èèyàn kì í dá nìkan ṣàìsàn. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ náà ti wà, ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2023. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni báyìí, mo mọ̀. Tó bá jẹ́ pásítọ̀ tàbí àáfà lo lè rí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu ẹ̀ ni kó o wá, kì í ṣe ẹni tó máa fi tìẹ ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsù lọ́jọ́ Sunday.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé káwọn lọ bá bàbá tàbí ìyá àwọn sọ ọ́. Àwọn òyìnbó kan á ní kó o gé wọn kúrò pátápátá. Nígbà míì ó di dandan, bó bá jẹ́ ẹni tó ṣì ń lù ẹ́ tàbí tó fipá bá ẹ lò pọ̀, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi 'bàbá ẹ náà ṣì ni' fà ẹ́ padà sínú ilé yẹn. Fún àwọn yòókù, lílọ ò burú, àmọ́ kó o mọ ohun tó ò ń wá lọ. Má lọ lọ́jọ́ ọdún Iléyá tàbí Kérésì tí gbogbo ẹbí wà nílé, wọ́n á sọ ọ́ di ìpàdé, àǹtí kan á sì ní kó o dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá ẹ. Lọ ní ìwọ nìkan. Kí wọn dáadáa. Mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ṣoṣo, má kó gbogbo ọdún 18 dà sílẹ̀: 'Dádì, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ tì mí síta lóru nígbà tí mo wà ní JSS 2? Ó ṣì ń dùn mí.' Kó o wá dákẹ́. Bàbá kan á sunkún, mo ti gbọ́ èyí tó sunkún, tó ní bí bàbá tòun náà ṣe ṣe é fóun rèé. Ọ̀pọ̀ á ní 'ṣé ebi pa ẹ́ nílé mi ni? Ta ló rán ẹ níléèwé?' Má bá a jiyàn, ìdáhùn tó ní lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn míì máa ń pè lẹ́yìn oṣù kan, wọn ò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n á kàn béèrè pé ọmọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun. Gbé ìpè yẹn, dá wọn lóhùn ohun tí wọ́n bi ẹ́, má tún bi wọ́n ní tọjọ́sí títí wọ́n á fi fẹnu ara wọn dé ibẹ̀. Tí wọn ò bá sì dé ibẹ̀ láéláé, iṣẹ́ tó o ní láti ṣe lórí ara ẹ ò dúró dè wọ́n.